Orúkọ Kọ́sì Kò Tíì Kúrò Nínú Ìwé Mi

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni mò ń pa, kó má jókòó sílé sọ ọ́. Kó gba ọ̀nà Agbonou, kó gun òkè tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kó dé ibi ilé alájà mẹ́rin tí kò lórùlé yẹn. Kó dúró síwájú òpó kejì ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, kó pe orúkọ tí màá sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni kó wá bá mi sọ̀rọ̀ irọ́.

Mi ò mu sódabì, ògógóró ilẹ̀ wa, lọ́jọ́ náà. Ibà ò ṣe mí. Mo ka ìwé mẹ́fà nílé ìwé àwọn fadá, ojú mi sì ń ríran kedere títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wá dá a bó ṣe tọ́.

Ìgbà tí owó fọ́sífátì, òkúta tí wọ́n ń wà fi ṣe ajílẹ̀, ń wọlé sílẹ̀ wa ni. Nígbà yẹn, kò sí ohun tí àwọn aláṣẹ ní àwọn ò lè kọ́. Wọ́n mú ẹnjiníà òyìnbó kan wá sí Atakpamé, ìlú wa. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ rí ní ìlú kan létí omi Gọ́ọ̀fù, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ó lẹ àwòrán ìlú náà mọ́ gbogbo ògiri ọ́fíìsì rẹ̀: ilé gíga lórí iyanrìn, ilé gíga mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ agbẹ́rù tí ọrùn wọn gùn ju ọ̀pẹ lọ. "Láìpẹ́ yìí, ahéré apẹja nìkan ló wà níbí," ló máa ń wí. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni Atakpamé yóò rí.

Ó fi pákó wẹ́wẹ́ ṣe àwòṣe ohun tó fẹ́ kọ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ilé alájà méjìlá lórí òkè, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì nínú rẹ̀, títì ọlọ́dà tó yí òkè ká, àdúgbò tuntun nísàlẹ̀. Ó tilẹ̀ fi àwọn igi tíntìntín sí i. Kò fi èèyàn kankan sí i.

Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o, inú wa dùn. Èmi tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ gun òkè Atakpamé láti kékeré, mo rò pé ìgbà ti dé tí àwa náà yóò wà lókè tí a óò máa wo ilẹ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní ìwé ìpè orúkọ. Ní agogo méje àárọ̀, màá gun orí àpótí, màá máa pe àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá pè á dáhùn ní Faransé pé "Pìrẹ́sán!", ìyẹn ni pé mo wà níbí. Màá fa ìlà kan síwájú orúkọ rẹ̀. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá tún pè wọ́n, màá fa ìlà kejì. Ìlà kìíní, o wọlé. Ìlà kejì, o ti jáde.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí a máa ń ṣe láàárín ara wa. Ọ̀nà jìn láti abúlé, òkè sì ga. Bí ẹnìkan bá pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bá a dáhùn. Á yí ohùn padà díẹ̀, á ní "Pìrẹ́sán!" Mo mọ̀. Mo kàn ń wo ojú ìwé mi ni. Ta ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀? Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló wá dì mí lẹ́nu nígbẹ̀yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń so irin ń jẹ́ Kọ́sì. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé bíi tèmi ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Agbonou, nílé tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà àwọn bàbá wọn. Òun nìkan ló yè nínú ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Akọ̀wé Ọlọ́run ló ń pè mí, ó ní lọ́jọ́ ìdájọ́ èmi ni wọ́n máa ní kí n wá pe orúkọ. Bó bá ń so irin, á máa fi ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ lu irin: ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, á dúró, á wá lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi òun.

"Akọ̀wé Ọlọ́run," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "tí a bá dé àjà kejìlá, màá gbé ìyá mi gòkè. Màá ní, Ìyá, ẹ wo oko tó ń mú ẹ̀yìn dùn yín láti ọjọ́ yìí, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà ọyẹ́, wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí òpó kejì. Òpó ńlá ni, òun ni yóò gbé ìdajì ilé náà. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò jíjìn fún un, wọ́n to irin sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n fi pákó yí i ká. Kọ́sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń so irin tó kù. Mo yọjú sí i.

"Akọ̀wé Ọlọ́run, ó ku díẹ̀!" ló kígbe.

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Àbí kí n má pè é ní ìkẹyìn? Ẹ máa bá mi bọ̀.

Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wa, Ṣẹ́ẹ̀fù ni a ń pè é, rán mi sí ìlú pé kí n lọ gba ìwé kan wá. Nígbà tí mo padà dé, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, wọ́n ti dà á tán. Kò sí ìpè ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà. Oníkálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, ọyẹ́ bo gbogbo òkè débi pé àwọn tó wà níwájú nìkan ni mò ń rí. Mò ń pe orúkọ, ohùn ń ti inú ọyẹ́ jáde. Mo dé orí Kọ́sì.

"Pìrẹ́sán."

Ohùn náà lọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló ti wá, kì í ṣe ibi tí àwọn asorin máa ń dúró sí. Mo ní Bẹ̀nwá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń bá a dáhùn. Mo fa ìlà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí mo tún pè é, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní ó ti yọ́ lọ sóko, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, bákan náà. Àárọ̀ Ẹtì, bákan náà. Ìlà mẹ́ta ní àárọ̀, òfo ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni ìyá Kọ́sì gun òkè wá, iṣu sísun wà nínú agbọ̀n lórí rẹ̀.

"Akọ̀wé, Kọ́sì mi dà? Ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sùn sílé."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. "Ó wà níbí. Ó dáhùn láàárọ̀ yìí."

Inú obìnrin náà dùn débi tó fi súre fún mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Ìre yẹn ṣì ń ta mí lára títí di òní.

A wá Kọ́sì káàkiri. A ò rí i. Ni Bẹ̀nwá bá fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ló ń dáhùn o."

"Ta wá ni?"

"Mo rò pé òun ni. Mo yíjú wò, mi ò rí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò rí i kó gòkè. Wọ́n ti fa àkàsọ̀ sókè. Mo pariwo pé Kọ́sì wà nísàlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù ní ó ti jáde, pé ẹ̀rọ ò lè dúró, pé kọnkéré máa le."

"O sì dákẹ́?"

"Mo dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n." Ó bú sẹ́kún.

Mo kọrí sí ọ̀dọ̀ Ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Ṣí ìwé rẹ," ló wí. Mo ṣí i. "Ọjọ́ wo la da òpó kejì?"

"Ìṣẹ́gun."

"Ta lo fa ìlà fún ní Ọjọ́rú? Ta lo fa ìlà fún ní Ọjọ́bọ̀? Láàárọ̀ yìí ńkọ́?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé òkú máa ń dáhùn ìpè ni, Akọ̀wé?"

Mo pa ìwé mi dé. Wọ́n ti fi kọnkéré bo Kọ́sì, èmi náà ti fi bíírò bò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Gánà ló sá lọ, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀," ni Ṣẹ́ẹ̀fù wí. "Lọ́la, kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé ó sá, kí o fà á nù."

Mo lọ bá ìyá Kọ́sì nírọ̀lẹ́, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Mi ò ní ròyìn ẹkún rẹ̀ fún yín, ó tì mí lójú láti sọ ọ́. Ohun tó ń bà á nínú jẹ́ ju ikú lọ nìyí: nílé tiwọn, bí èèyàn bá kú síta, wọ́n á bu erùpẹ̀ ibi tó ṣubú sí wá sílé, ẹni tó rí i kẹ́yìn níbẹ̀ á sì dúró níwájú àwọn àgbà, á ní, "Ibí ló dúró sí." Ìgbà náà ni wọ́n tó lè sin ín, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ilẹ̀kùn náà á wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá sì sá kúrò nílé, wọn kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

"Ọyẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ọmọ mi," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bá mi tì í."

Oníjọ fadá ni mí, mi ò bọ òrìṣà kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìyá ń bèèrè. Mo ní kó wá sókè ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó mú aṣọ funfun tí a óò fi di erùpẹ̀ náà dání.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọyẹ́ tún bolẹ̀. Mo gun orí àpótí. Ṣẹ́ẹ̀fù dúró tì mí lọ́wọ́ òsì, ẹnjiníà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Kọ́sì wà létí ọgbà, aṣọ funfun rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Mò ń pe orúkọ. Nígbà tí mo dé orí Kọ́sì, Ṣẹ́ẹ̀fù fi ìka rẹ̀ bo orúkọ náà mọ́ mi lójú.

"Fò ó," ló wí sí mi létí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí nígbà yẹn. Ẹni tó bá ṣe orí kunkun níbi iṣẹ́ ìjọba, ẹbí rẹ̀ lè máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n mo wo ìka yẹn lórí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, inú bí mi. Inú bí mi kọjá àlà. Mo ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, mo gbé ìwé mi dání, mo rìn lọ síwájú òpó kejì, mo sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi pè é.

"Kọ́sì!"

Nígbà náà ni mo gbọ́ irin. Ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá. Ó dúró. Ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Mo gbé ojú sókè. Ojú mi yìí, ojú tí mo fi ń wo yín yìí, ló rí i. Kọ́sì lóṣòó sórí òpó náà, níbi tí àwọn irin ti yọrí jáde. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sìmẹ́ńtì, omi sì ń kán láti ìgúnpá rẹ̀. Ó yí orí padà bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́nu iṣẹ́. Kò wo ojú mi rárá. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wò.

"Pìrẹ́sán," ló wí. Ẹnu rẹ̀ ò mira. Inú òpó ni ohùn náà ti jáde.

Orí mi wú. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sáré lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ tó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bí i, èyí tí mi ò gbọ́ rí. Atẹ́gùn kan fẹ́, ọyẹ́ ṣí díẹ̀, kò sí nǹkankan lórí òpó mọ́ ju irin lọ.

Mo fa ìlà síwájú orúkọ rẹ̀. Mo wá yíjú sí Ṣẹ́ẹ̀fù.

"Àná, ẹ ní ohun tí ìwé bá sọ ni ká gbà. Ìwé ní ó wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì tíì jáde. Ó wà níbí. Ẹ mú un jáde."

"O ya wèrè," ló wí, ṣùgbọ́n ó ti ń fà sẹ́yìn.

"Ẹ mú un jáde!" Bẹ̀nwá ló kígbe báyìí. Ó ju ẹ̀mú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń jù ú, irin ń dún lórí òkúta, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹnjiníà ní tí a bá fọ́ òpó yẹn, ilé dòfo. Mo ní kó dòfo. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ṣándáàmù, ọlọ́pàá ilẹ̀ wa, wọ́n dé pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀gá wọn ní kí n pe orúkọ náà kí òun gbọ́. Mo pè é. Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tó gbọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, Ṣẹ́ẹ̀fù ò gun òkè yẹn mọ́.

Wọn ò fọ́ òpó náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, a ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bẹ̀nwá nìkan ló fi òòlù gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyá Kọ́sì di í sínú aṣọ funfun. Mo bá wọn dé abúlé. Mo dúró níwájú àwọn àgbà, mo ní, "Ibí ló dúró sí. Èmi ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn." Wọ́n sin aṣọ náà. Ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo gbọ́ bó ṣe dún.

Mo rò pé ó parí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe orúkọ. Ọ̀wọ̀ òkú mú mi fo Kọ́sì. Láàárín orúkọ tó ṣáájú tirẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí mi ò ti pe ẹnikẹ́ni, ó dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ènìyàn wa ò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Àwọn aláṣẹ lé mi dànù, mo sì gbé ìwé mi lọ sílé, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ mìíràn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń kọ́ ọ lọ. Ilé mi ò jìnnà sísàlẹ̀ òkè. Bí òpó náà ṣe ń ga ni ìró irin náà ń gòkè: àjà kìíní, àjà kejì, àjà kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan. Ní àjà kẹrin, àwọn àlejò yẹn náà kó ẹrù wọn. Ẹnjiníà ká àwòrán ìlú Gọ́ọ̀fù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ ní owó fọ́sífátì ló wálẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá wọn jiyàn.

Ní báyìí tí wọ́n ń dí odò Mono ní Nangbéto láti fi ṣe iná mànàmáná, tí ọkọ̀ ńlá ń kọjá ní gbogbo ìgbà, wọ́n tún ti rántí òkè wa. Àwọn ọkùnrin méjì wá bá mi pẹ̀lú àwòrán tuntun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ parí rẹ̀, wọ́n ní yóò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ gba ìwé mi, wọ́n sì fẹ́ kí n fọwọ́ sí bébà kan pé gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ni ọ̀kan wí. "Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Ẹ bá wa fà á."

Mo ní kí wọ́n bọ́ síta nílé mi. Wọ́n ní àwọn á padà wá. Kí wọ́n wá! Kí wọ́n bá mi níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa gba iṣẹ́ lórí òkè yẹn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni dáhùn ìpè láéláé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹni tó bá sì di ìwé mú, bí ohùn bá dáhùn, kó rí ojú kó tó fa ìlà. Tí ẹ bá sì gbọ́ irin lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, tó wá dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kó tó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Kọ́sì ti kú. Ó ku èmi nìkan. Ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́, mò ń gòkè, mò ń dúró síwájú òpó yẹn, mò ń pè é. Ó ń dáhùn. Màá wá dúró díẹ̀, bóyá yóò jáde, kí n lè fa ìlà kejì fún un. Wọ́n lè kọ́ ilé wọn dé ojú ọ̀run. Bí kì í bá ṣe pé mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè yẹn lọ sílé, mi ò ní fà á.